Àyẹ̀wò òṣùwọ̀n Glasgow: ohun tí "ó ti dákú" kò sọ fún dókítà

"Ó ti dákú o!" Bí wọ́n bá gbé èèyàn wọ ilé ìwòsàn, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn, òun náà ló sì wúlò fún dókítà kéré jù. Ẹni tí oòrùn pa níbi òkú sísin, tó ṣubú, tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, tó sì dìde ní ìṣẹ́jú kan, a ní ó dákú. Ẹni tí ọ̀kadà gbá tí kò la ojú fún ọjọ́ mẹ́ta, a ní ó dákú. Ọmọ tí gìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ńkọ́? Ó dákú. Bàbá tí ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀ torí pé ó lo oògùn àtọ̀gbẹ láìjẹun, òun náà dákú. Àní iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, dákú-dájí la ń pè é.

Àwọn Òyìnbó kò sàn jù wá lọ níbẹ̀. Unconscious tiwọn tilẹ̀ gbòòrò ju dákú lọ. Wọ́n ń lò ó fún ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, wọ́n ń lò ó fún ohun tí èèyàn ṣe láìmọ̀ọ́mọ̀, àwọn onímọ̀ ọkàn bíi Sigmund Freud sì sọ ọ́ di orúkọ fún kọ́lọ́fín inú lọ́hùn-ún, níbi tí èrò ń gbé tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Yorùbá ti pín ìyẹn sọ́tọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú dáńfó ṣe é láìmọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tí wọ́n yọ fóònù lápò rẹ̀ kò fura. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọ̀kan nínú wọn dákú. Inú dákú gan-an ni wàhálà tiwa wà. Kì í sì í ṣe pé a ò ní ọ̀rọ̀ o: ó ń tòògbé, ó ń ṣe ìrànrán, ó kàn ń kérora, kò gbọ́ ìpè mọ́, ara rẹ̀ ti le gbagidi. Gbogbo rẹ̀ la ní. Tí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn la máa ń kó gbogbo wọn sábẹ́ dákú.

Irinṣẹ́ tó ń tú dákú palẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbí: Glasgow Coma Scale, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní GCS. Graham Teasdale àti Bryan Jennett, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ ní ìlú Glasgow ní Scotland, ló gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet lọ́dún 1974. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú nígbà yẹn kò jìnnà sí tiwa. Dókítà kan á kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn "dákú díẹ̀", èyí tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á kọ "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú", kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá aláìsàn ń sàn ni àbí ó ń burú sí i. (Ọdún yẹn náà ni Látúndé Odeku, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́-abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962, di olóògbé.)

Owó rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ni wà lórí glasgowcomascale.org. Bírò kan àti aago ni ohun èlò rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré sì dára láti fi kún un. Nínú irinṣẹ́ ìṣègùn tó wúlò tó báyìí, a ò mọ èyí tó pọ́ọ́kú tó o.

Ọ̀nà mẹ́ta ló pín èèyàn sí: ojú (E) gba máàkì 4, ẹnu (V) gba 5, ìgbésẹ̀ ara (M) gba 6. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá gba 15. Ìsàlẹ̀ pátápátá kì í ṣe òdo, 3 ni, torí pé ohun tó kéré jù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà ni 1. Òkú tó wà ní mọ́ṣúárì pàápàá máa gba 3. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "GCS 0" nínú ìwé aláìsàn, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn rárá, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Ṣé ó ń gbọ́ràn dáadáa tẹ́lẹ̀? Ṣé rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan lára rẹ̀ rí? Ṣé ojú rẹ̀ wú, ṣé rọ́bà tí wọ́n fi ń bá èèyàn mí wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, èdè wo ló gbọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó, ẹ pè é, ẹ tẹ ẹ́, ẹ wá kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ aláìsàn kó tó pè é ti ba máàkì ojú jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ojú ló rọrùn jù. Bí ó bá là fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sọ ohunkóhun, 4. Bí kò bá là, ẹ pè é ní ohùn jẹ́jẹ́, ẹ wá gbé ohùn sókè. Bí ó bá là, 3. Bí ìpè kò bá ràn án, ẹ tẹ ìka rẹ̀. Bí ó bá là nígbà yẹn, 2. Bí kò bá là rárá, 1. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ni pé ojú á wú débi pé kò sí bó ṣe lè là, nọ́ọ̀sì á sì kọ 1. Kì í ṣe 1. NT ni wọ́n ń kọ, ìyẹn ni pé ibẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ wò. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tí kò lè la ojú torí pé ìpéǹpéjú rẹ̀ wú àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò ní kó là á mọ́. Oorun náà kì í ṣe dákú: ẹ jí ẹni tó ń sùn dáadáa, ẹ jẹ́ kó nu ojú, kí ẹ tó máa fún un ní máàkì. Àkọsílẹ̀ òru tí wọ́n ṣe láìjí aláìsàn tán máa ń kó jìnnìjìnnì bá dókítà lásán.

Ẹnu ni ibi tí irinṣẹ́ yìí ti ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá gidi, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣì í lò jù lọ́dọ̀ wa. Ìbéèrè mẹ́ta ni: orúkọ rẹ̀, ibi tí a wà, oṣù tí a wà. Ẹni tó bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba 5. Ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ kò bára mu gba 4. Ẹni tó kàn ń já ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, "omi", "ó tó", "màmá mi", gba 3. Ìkérora lásán, 2. Tí kò bá dún rárá, 1.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè orúkọ. Nọ́ọ̀sì bi ìyá àgbà kan pé kí lorúkọ wọn, wọ́n ní "Ìyá Kẹ́hìndé". Káàdì ní Felicia. Ṣé orí wọn ti dàrú ni? Rárá o. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ láti ogójì ọdún nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi ni ẹnì kan pè wọ́n ní Felicia gbẹ̀yìn. Yorùbá kan lè ní orúkọ ìwé, orúkọ ilé, oríkì àti orúkọ ọmọ tí wọ́n fi ń pè é, gbogbo rẹ̀ ló sì tọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí ṣáájú pé èwo ni aláìsàn ń jẹ́ nílé, kí ẹ sì fi ìyẹn díwọ̀n.

Ti ibi tí a wà kò le. "Ọsibítù" ti tó. Kò pọn dandan kó mọ orúkọ wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n bí bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì n'Íbàdàn bá ní oko àwọn ní Ìṣẹ́yìn la wà, tí wọ́n sì ń béèrè ẹni tó ń ṣọ́ ewúrẹ́, 4 nìyẹn. Oṣù ló gba sùúrù. Àgbà tó jẹ́ Mùsùlùmí lè fi oṣù ojú ọ̀run dáhùn, kó ní Ṣàbáánì la wà. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó ní ó ṣì í. Ẹni tó bá ní "ìgbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo ni" kò tíì dáhùn, àmọ́ kò tíì kùnà náà. Ẹ tún un bi.

Ìkíni ló ń tan èèyàn jù. Àgbà tí nǹkan ti dàrú mọ́ lójú ṣì lè ní "ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi, Olúwa á tì ọ́ lẹ́yìn", ọ̀rọ̀ á sì máa já geere bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹbí á bú sí ayọ̀ pé ara ti yá. Ẹnu tó ti ń kí èèyàn fún àádọ́rin ọdún kò nílò kí ọpọlọ jí tán kó tó kí èèyàn. Ìkíni àti àdúrà, bó ti wù kó dùn tó, kò ju 4 lọ títí tí ìbéèrè mẹ́ta náà fi ní ìdáhùn.

Ìṣìlò tó burú jù ni kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì bi ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bi í, ó dákẹ́, wọ́n kọ 1. Nọ́ọ̀sì ni kò gbọ́ èdè níbẹ̀, kì í ṣe aláìsàn ni kò gbọ́ ìpè. Bí ó bá jẹ́ Ìkálẹ̀ tàbí Èkìtì ìjìnlẹ̀ ni aláìsàn ń sọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá yín bi í, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún ọmọ náà ṣáájú. Àwọn ẹbí máa ń fẹ́ kó yege bí ẹni wà nínú ìdánwò: "Màmá, ẹ sọ fún wọn pé UCH la wà!" Máàkì ọmọ nìyẹn, kì í ṣe ti màmá. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà kì í ṣe kékeré o. Ọmọdé nọ́ọ̀sì tó bi bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún pé "kí lorúkọ ẹ?" lè rí i kí bàbá yíjú sí ògiri. Ìbínú kò sí nínú òṣùwọ̀n Glasgow.

Tí a bá dé orí ìgbésẹ̀ ara, ibẹ̀ ni dókítà ń tẹjú mọ́ jù, torí òun ló ń sọ bí ọpọlọ ṣe rí. Ẹni tó ṣe ohun tí a ní kó ṣe gba 6. Ohun méjì tó tẹ̀lé ara wọn ni kí ẹ ní kó ṣe: "ẹ di ìka mi mú", ó dì í, "ó yá, ẹ tú u sílẹ̀", ó tú u. Ìdìmú nìkan kò tó. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta náà máa ń di ìka mú, ìyẹn kò sì fi hàn pé ó gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Bí ọwọ́ kò bá ṣeé lò, ẹ ní kó yọ ahọ́n síta, kó sì dá a padà.

Bí kò bá gbọ́ àṣẹ, ẹ óò tẹ ẹ́, ibẹ̀ lọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ohun tí kò yẹ. Ibi mẹ́ta ni ìtọ́sọ́nà tuntun, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014, fọwọ́ sí. Àkọ́kọ́ ni orí ìka: ẹ fi bírò lé ẹ̀gbẹ́ èékánná, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó máa le sí i, kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Ìkejì ni ẹran tó wà láàárín ọrùn àti èjìká: ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka méjì ká a mú, ẹ fún un. Ìkẹta ni egungun tó wà lókè ẹyinjú, lábẹ́ irun ojú, níbi tó ti tẹ̀ díẹ̀ lápá ibi imú. Ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ bí egungun ojú bá ti fọ́. Kíkó ìkúùkù fọ àárín àyà, tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì láyé àtijọ́, kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó ń dá egbò sí èèyàn lára, ìdáhùn tó ń mú wá kì í sì í ṣeé kà dáadáa. Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká sọ ti ata lójú, àlùbọ́sà nímú, iná lẹ́sẹ̀. Èèyàn lè jí kúrò nínú dákú kó wá bá ojú tó ti fọ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń ṣe é lójú ẹbí: ẹ ṣàlàyé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. "Mo fẹ́ tẹ ìka bàbá díẹ̀ kí n mọ bóyá wọ́n ń gbọ́ ọ" kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Ẹni tí kò bá sọ ọ́ lè gbọ́ "ẹ fẹ́ pa bàbá wa ni?" lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ẹ wá wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fún èjìká rẹ̀ tí ọwọ́ sì gbéra, tó kọjá egungun tó dábùú lábẹ́ ọrùn, tó ń wá ọwọ́ yín láti gbá a dànù, 5 nìyẹn: ó mọ ibi tó ń dùn ún. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìka nìkan kò fi tó láti mọ 5 yàtọ̀ sí 4. Bí ó bá kàn ká ìgúnpá, tó já ọwọ́ gbà kíá, tí apá sì jìnnà sí ara, 4. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nínú ìgbésẹ̀ ara ni àárín 4 àti 3. Ní 3, ìgúnpá náà ká, ṣùgbọ́n kì í yára. Apá á máa rọra bọ̀ wá sórí àyà, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀, àtàǹpàkò á wọ inú ìkúùkù, ẹsẹ̀ á nà gbọnrangandan, bákan náà ni yóò sì máa rí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ ẹ́. Ẹni tó wà ní 4 ń sá fún ìrora. Ẹni tó wà ní 3, ara rẹ̀ ló ń ká fúnra rẹ̀. Bí ìgúnpá bá nà dípò kó ká, 2. Bí kò bá sí ohun tó mì, 1. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣe 5 tí ti òsì ṣe 3, 5 ni ẹ máa kọ, kí ẹ wá ṣàkọsílẹ̀ ti òsì lọ́tọ̀, torí ìyàtọ̀ yẹn gan-an lè jẹ́ ohun tí dókítà ń wá.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ tún jẹ́ ọ̀ràn kan. Lórí fóònù, ẹ óò gbọ́ "GCS rẹ̀ jẹ́ 9". Mẹ́sàn-án wo? Ẹni tó la ojú sílẹ̀ kedere ṣùgbọ́n tí kò dún, tó kàn ń já ọwọ́ gbà, E4 V1 M4, 9 ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ là kìkì bí a bá tẹ ẹ́, tó ń kérora, tó ń gbá ọwọ́ yín dànù, E2 V2 M5, 9 náà ni. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó ro ó pọ̀ bí ó bá wù yín, kí ẹ sì kọ aago sí i.

Aago ló sọ ọ́ di irinṣẹ́ gidi. Máàkì ẹ̀ẹ̀kan kò sọ púpọ̀. Fún ẹni tó fi orí gbá, ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìtọ́sọ́nà ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn títí yóò fi pé 15. Tó bá ti pé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn fún wákàtí méjì sí i, lẹ́yìn náà wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́rin, kó tó di wákàtí méjì méjì. Ẹni tó wà ní 14 láàárọ̀ tó di 12 lọ́sàn-án yẹ kó kó àyà dókítà sókè ju ẹni tó wà ní 11 láti àná lọ. Nínú ọ̀rọ̀ orí gbígbá, 13 sí 15 ni wọ́n ń pè ní kékeré, 9 sí 12 ni àárín, 8 wálẹ̀ ni èyí tó le, tí àwa ń pè ní kómà. Kékeré yẹn kò wù wá pé wọ́n lò. Ẹni tó gba 13 lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbá a kò gbọ́dọ̀ padà sílé láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ohun tí irinṣẹ́ yìí kò lè ṣe ni kó sọ ìdí. Ó ń sọ bí kànga ṣe jìn tó, kì í sọ ohun tó ti èèyàn sí i. Ọtí, oògùn oorun, èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sínú ilé, warápá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ṣúgà tó já: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú máàkì wá sí 8 láìsí pé orí fọ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó máa wá fọ́tò ọpọlọ kiri, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kékeré gún ìka rẹ̀ wo ṣúgà. Bí kò bá tó 70 mg/dL, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé tí gìrì mú ni, ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n ti fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù nílé, torí ó máa ń fa ṣúgà ọmọ wálẹ̀. Kí ẹ bi í láìbú u. Ìyá tí wọ́n bá kígbe mọ́ máa ní rárá. Ti ọ̀mùtí sì nìyí: ẹni tó mutí tó sì fi orí gbálẹ̀, ẹ má ṣe kó gbogbo ẹ̀bi lé ọtí lórí. Ìgò tí wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní kí ẹ̀jẹ̀ má ṣe máa dà sínú orí rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kejì ni pé kì í wo ọmọ ojú, kì í sì í wo mímí. Lọ́dún 2018 ni wọ́n fi ti ọmọ ojú kún un, tí wọ́n pè é ní GCS-P: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú méjèèjì, bí ọmọ ojú kan kò bá sún kì, ẹ yọ 1 kúrò nínú máàkì, bí méjèèjì kò bá sún kì, ẹ yọ 2. Àléébù kẹta ni ti ẹni tí rọ́bà wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ di NT, kò sì sí àròpọ̀ tó jẹ́ òótọ́ mọ́.

Àwọn irinṣẹ́ mìíràn wà tó ń bá a dupò. FOUR, tó ti ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà jáde lọ́dún 2005, fi mímí àti ọmọ ojú rọ́pò ẹnu, ó sì dára fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Ṣùgbọ́n ó gba ìkọ́ni ju Glasgow lọ, kò sì wúlò fún ẹni tó ń kó ènìyàn sínú áḿbúláǹsì. AVPU ni ti ojú pópó: ó jí, ó gbọ́ ìpè, ó mọ ìrora, kò mọ nǹkan kan. Lẹ́tà mẹ́rin péré. Awakọ̀, tíṣà, ọlọ́pàá, ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, òun la sì máa gbé fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera.

Fún ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, ẹ gbé Glasgow ti àgbà sílẹ̀. Kò sí bí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ṣe máa sọ oṣù tí a wà. Òṣùwọ̀n Blantyre, tí wọ́n ṣe ní Màláwì nítorí ibà tó ń wọ ọpọlọ ọmọdé, ló bá wa mu jù, torí ibà kan náà ló ń pa ọmọ wa. Márùn-ún ni òkè rẹ̀. Ọmọ tó ń lé ọwọ́ yín gba 2, èyí tó kàn ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn gba 1. Ẹkún tó dún bí ẹkún gba 2, ìkérora tàbí ẹkún tí kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu gba 1. Ojú tó ń tẹ̀ lé ojú ìyá rẹ̀ gba 1. Ọmọ tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2 tàbí kó dín sí i wà nínú kómà. Àti pé níbí, òdo wà.

Tí a bá ní ká fún Glasgow ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni, fún nọ́ọ̀sì, dókítà àti òṣìṣẹ́ áḿbúláǹsì. Ìràwọ̀ kan tó kù bọ́ sọ́wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́: kí wọ́n tó ní kí ẹnikẹ́ni máa lò ó nílẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kí wọ́n ti jọ kọ ìbéèrè rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú "ẹ" àti "yín", kí wọ́n sì fi dánra wò lórí ara wọn.

Ní ti ẹbí tó ń gbé èèyàn bọ̀, ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú máàkì. Bí kò bá gbọ́ ìpè ṣùgbọ́n tó ń mí, ẹ yí i dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èébì má baà dí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má fi ṣíbí há a lẹ́nu, ẹ má da omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu, ẹ pe 112. Bí kò bá mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àárín àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Nígbà tí ẹ bá wá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ gbé "ó ti dákú" jù sílẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí: "Aago méjì ó ṣì ń bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa. Aago mẹ́ta ó bẹ̀rẹ̀ ìrànrán. Láti ìgbà yẹn, bí a bá pè é, ó ń la ojú, àmọ́ ó kàn ń kérora ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbéra mọ́. Oògùn tó ń lò nìyí." Nọ́ọ̀sì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti máa kọ E àti V sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ tán.